Ẹyẹ Òkun Láti Ìlà-Oòrùn Éṣíà Lórí Ààtàn Rainham

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2011, ẹyẹ òkun kan, irú èyí tí Òyìnbó ń pè ní gull, wà láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ òkun mìíràn ní Rainham, lápá ìlà-oòrùn London, níbi tí odò Thames ti ń fẹ̀ lọ sí ọ̀nà òkun. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú ju ti ọ̀pọ̀ tó yí i ká lọ, síbẹ̀ kò dúdú tó ti àwọn kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi sóbò tí wọ́n bomi là. Dominic Mitchell, tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Birdwatch nígbà náà, ló tẹjú mọ́ ọn. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò sí nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Bìrìtéènì rí: Slaty-backed Gull, ẹyẹ tó ń yé ẹyin ní etíkun Kamchatka, Òkun Okhotsk, àwọn erékùṣù Kuril àti Hokkaido ní Japan. Láti ibẹ̀ dé etí odò Thames ju 7,000 kìlómítà lọ.

Mò ń gbé ní Thamesmead nígbà náà, ní òdìkejì odò. Àwa Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ débi pé tí èèyàn bá fẹ́ ra èlùbọ́, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn lọ. Láràárọ̀ ni mo máa ń rí àwọn ẹyẹ funfun wọ̀nyí tí wọ́n ń fò gba orí Crossness kọjá, níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ìdọ̀tí ìlú, tí wọ́n á sì sọdá odò. Lójú mi, ẹyẹ kan náà ni gbogbo wọn. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí nílẹ̀ yìí lè ti gba orí ilé mi kọjá nínú oṣù yẹn, kí n má tiẹ̀ gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí títí di òní. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tó ra awò olójú méjì, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ẹyẹ òkun mọ̀ yàtọ̀ síra, ìṣẹ̀lẹ̀ Rainham yìí ni mo sì fi ṣe ìwé ẹ̀kọ́. Mo ti wo àwòrán ẹyẹ náà títí mo fi lè ya apá rẹ̀ sórí bébà láìwò ó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ààtàn Rainham jẹ́ òkè kan létí odò, ìdọ̀tí London ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ sókè. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ àbàtà kan wà tí àwọn ológun ti máa ń yìnbọn dánra wò tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ RSPB, tó ń dáàbò bo ẹyẹ, rà á ní 2000, wọ́n sì ṣí i fún aráàlú ní 2006. Ẹni tó bá ti gba ẹ̀gbẹ́ ààtàn Olúsosùn ní Ọ̀jọ́ta kọjá, tó rí bí lékeléke ṣe ń funfun báláú lórí ìdọ̀tí, á mọ ohun tí mò ń sọ. Ní Rainham nígbà náà, ẹyẹ òkun ló ń ṣe ti lékeléke. Tí katakata bá ti ti ìdọ̀tí tuntun ṣubú, gbogbo wọn á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo á sọ, wọ́n á pòòyì, wọ́n á tún bà. Tí wọ́n bá yó, wọ́n á lọ wẹ̀ létí odò tàbí lórí adágún, wọ́n á dúró síbẹ̀ máa tún ìyẹ́ ara wọn ṣe. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọ́n á lọ sùn lórí omi, níbi tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò ti lè bá wọn.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń wá ẹyẹ àjèjì fi máa ń lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ààtàn nínú òtútù oṣù Kìíní, tí òórùn ń gbá wọn nímú. Ẹyẹ òkun tó bá ṣìnà kì í dá jẹ. Ibi tó bá ti rí àwọn tó jọ ọ́ tí wọ́n ń jẹ ló máa ń bà sí, oúnjẹ kò sì pọ̀ níbòmíràn bíi ti ààtàn nígbà òtútù. Oṣù Kejìlá 2010 tó ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí tútù gan-an. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ilẹ̀ Bìrìtéènì ti rí oṣù Kejìlá tó tutù tó bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé òtútù yẹn ló gbé ẹyẹ náà wá o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí oko àti adágún bá dì, ààtàn ni gbogbo wọn ń wọ́ lọ.

Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣàlàyé rẹ̀. Leonhard Stejneger, ọmọ Norway tó ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ẹranko ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ ní Larus schistisagus ní 1884. Síléètì àti aṣọ ìbora ni wọ́n so pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kejì yẹn. Àwọn tó kọ́ ABD lórí síléètì mọ àwọ̀ náà dáadáa: kò dúdú kirikiri bí èédú, kò sì ràn bí eérú, dúdú ni, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú aró kan fẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n tó sá a. Ẹyẹ tó da agbádá síléètì bora ni.

Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti agbádá nìkan, kì bá tí sí wàhálà. Àwọn ọmọ onílé tó wà ní Rainham náà ní agbádá tiwọn. Herring Gull ló pọ̀ jù; ẹ̀yìn rẹ̀ ràn bí eérú igi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ píńkì tó ṣì, bí èékánná ọmọ tuntun. Lesser Black-backed Gull tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn tirẹ̀ dúdú bíi síléètì, ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, apá rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè bí ọsàn tó ti ń pọ́n. Eléyìí ni ọ̀rẹ́ mi nínú gbogbo wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń sá fún òtútù lọ sí Morocco, sí Senegal àti Gambia, àwọn míì sì ń dé etíkun tiwa ní Nàìjíríà. Ẹ̀kẹta ni Great Black-backed Gull, baba gbogbo wọn: ẹ̀yìn dúdú, ẹsẹ̀ píńkì tó ṣì, ẹnu bí àáké, gígùn ara láti 64 dé 79 sẹ̀ǹtímítà.

Ẹ wá wo ti Slaty-backed. Ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ti Lesser, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti Lesser rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ píńkì bíi ti Herring, àmọ́ píńkì tirẹ̀ ki, ó mú lójú. Ara rẹ̀ tóbi tó ti Herring tàbí kó jù ú lọ díẹ̀, láti 55 dé 68 sẹ̀ǹtímítà, ó rí ṣíkíṣíkí, ikùn rẹ̀ yọ síwájú bíi ti ẹni tó jẹun ọdún. Tí a bá kà á báyìí, á dà bí ẹni pé ọmọdé pàápàá á mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn síléètì, ẹsẹ̀ píńkì, ó tán.

Kò tán. Ẹyẹ òkun máa ń fẹ́ ara wọn kọjá ẹ̀yà. Tí Herring bá gun Lesser, tàbí tí Great Black-backed bá gun Herring, wọ́n lè bí ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà láàárín méjì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ píńkì. Àmúlùmálà gidi. Kò wọ́pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó wọ́pọ̀ fíìfíì ju ẹyẹ tó fò wá láti Japan lọ. Ẹni tó bá rí ẹ̀yìn dúdú àti ẹsẹ̀ píńkì ní London, tó sì pariwo pé Slaty-backed, á ṣì í nígbà mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún kí ó tó gbà á lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó gbé ti Rainham kúrò nínú èyí ni mo fẹ́ kí ẹ rí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Mo ti kó sínú páńpẹ́ yẹn rí. Erith Pier wà lápá ọ̀dọ̀ wa, ó nà wọ inú odò lọ jìnnà, òdìkejì rẹ̀ gan-an sì ni Rainham wà. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, omi ti fà, ẹrẹ̀ ti yọ síta, mo rí ẹyẹ òkun kan tó dúró lórí ẹrẹ̀ láàárín àwọn Herring. Ẹ̀yìn síléètì. Ẹsẹ̀ píńkì. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Ọwọ́ mi kú nínú ìbọ̀wọ́, síbẹ̀ mo ya àwòrán tó lé ní ogójì. Bàbá kan wà tó ti fi ogójì ọdún wo ẹyẹ lẹ́bàá odò yẹn, òun ló ń kọ́ mi. Mo pè é lórí fóònù, mo rò fún un láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, kò bá mi yọ̀, kò sì bá mi jà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé mo rí apá rẹ̀ ní ṣíṣí?

Nínú ogójì àwòrán náà, kò sí ọ̀kan tí ẹyẹ náà ti ṣí apá. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mi ò rí i. Lọ́jọ́ kẹta ó wà níbẹ̀. Mo dúró fún wákàtí méjì kí ó tó nara, tó gbé apá méjèèjì sókè, mo sì ya á. Nígbà tí mo fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà nílé, etí funfun tó wà lẹ́yìn apá rẹ̀ tín-ín-rín, ṣóńṣó apá rẹ̀ dúdú láìsí ohunkóhun láàárín dúdú náà àti síléètì. Ọmọ Herring àti Lesser ni. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé mi, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ apá ti wọ̀ mí lára.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí apá náà wò. Ní ṣóńṣó apá ẹyẹ òkun, ìyẹ́ ńlá mẹ́wàá ló wà tó ń gbé e fò. Láti inú lọ síta ni wọ́n ń kà wọ́n, ìkíní ló sún mọ́ ara jù, ìkẹwàá ló wà lóde pátápátá. Lára Lesser Black-backed, àwọ̀ síléètì á kàn máa dúdú sí i títí á fi wọnú dúdú ìyẹ́ òde; ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ààlà. Lára Slaty-backed tó ti dàgbà, ààlà wà, funfun ni. Láti nǹkan bí ìyẹ́ karùn-ún dé ìkẹjọ, ojú funfun kan á dá síléètì inú àti dúdú òde sí méjì lórí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹyẹ náà bá na apá, àwọn ojú funfun wọ̀nyí á tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ni àwọn Òyìnbó tó ń wo ẹyẹ ń fi pè é. Lójú tèmi, sẹ̀sẹ̀ ẹfun ni, bí èyí tó máa ń wà lọ́rùn olórìṣà, tí wọ́n wá tẹ́ sórí aṣọ dúdú.

Lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ ni ìgbátí. Gbogbo ẹyẹ òkun elẹ́yìn dúdú ló ní etí funfun lẹ́yìn apá, àmọ́ ti Slaty-backed fẹ̀. Tó bá pa apá dé tó dúró, funfun yìí á yọ lábẹ́ síléètì bí ẹni tó wọ bùbá funfun tó gùn ju agbádá lọ. Lábẹ́ apá, ìyẹ́ rẹ̀ ràn bí eérú, ọ̀tọ̀ ni sí dúdú tó máa ń wà lábẹ́ apá Lesser. Lẹ́yìn náà ni ojú. Ẹyinjú rẹ̀ mọ́ láwọ̀ ìyẹ̀fun àgbàdo, àmọ́ nígbà òtútù, orí rẹ̀ máa ń ní ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, ìlà náà á sì pọ̀ jọ yí ojú ká bí ẹni tó lé tìróò tó sì nù ún kúrò láìmọ́ tán. Ó máa ń jẹ́ kó dà bí ẹni tó ń wo èèyàn tẹ̀gàntẹ̀gàn. Etí ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ́n, ó fẹ́ jọ èsè àlùkò.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí tó tó fúnra rẹ̀. Herring kan lè ní ìlẹ̀kẹ̀ méjì lápá, ó sì lè fún ọmọ rẹ̀. Great Black-backed ní ìgbátí tó fẹ̀. Tìróò ojú wà lára ọ̀pọ̀ wọn nígbà òtútù. Ti Rainham dúró nítorí pé gbogbo rẹ̀ wà lára ẹyẹ kan ṣoṣo: agbádá, ẹsẹ̀, ìgbátí, ìlẹ̀kẹ̀, tìróò, ikùn. Wọ́n rí i nílẹ̀, wọ́n rí i lófuurufú, wọ́n ya apá rẹ̀ ní ṣíṣí. Àmúlùmálà á ní méjì tàbí mẹ́ta, ìyókù á sì tú u fó.

Ohun mìíràn tó ṣèrànwọ́ ni pé àgbà ẹyẹ ni. Ó máa ń tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin kí irú ẹyẹ òkun báyìí tó wọ aṣọ àgbà. Kó tó dìgbà náà, àwọ̀ ilẹ̀ ni gbogbo wọn, àmì kún ara wọn wìnnìwìnnì, aṣọ wọn sì ń yí padà láti ọdún dé ọdún. Ká ní ọmọ ọdún kan ló ṣìnà wá, mo gbà pé awuyewuye rẹ̀ ì bá gbóná gan-an, kódà ó lè ti wá kó sì ti lọ láìsí ẹni tó mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kan tún wà tí àwọn tó ń kánjú máa ń fò. Tí a bá ti yọ àwọn ọmọ onílé kúrò, a ṣì gbọ́dọ̀ yọ àwọn àjèjì yòókù. Western Gull ti etíkun California ní ẹ̀yìn dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ píńkì. Tó bá dé London, ìyẹn náà á jẹ́ ohun ìyanu. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ wú níwájú, orí rẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun láìsí ìlà nígbà òtútù, kò sì ní ìlẹ̀kẹ̀ náà lápá. Kelp Gull ti ìhà gúúsù ayé ní ẹ̀yìn dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ sí àwọ̀ ewé tàbí ìyeyè. Vega Gull, tó jẹ́ ará ilé Slaty-backed ní Éṣíà, ní ẹsẹ̀ píńkì, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kò dúdú tó. Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn títí orúkọ kan ṣoṣo fi kù nílẹ̀.

Ìròyìn tàn kálẹ̀, àwọn èèyàn ya bo ibẹ̀. Ẹyẹ náà kò sì dúró lójú kan. Wọ́n rí i ní ààtàn Pitsea ní Essex, tó tó ogún kìlómítà sí Rainham, wọ́n sì tún rí i ní adágún Hanningfield, níbi tí ẹyẹ òkun máa ń lọ nírọ̀lẹ́. Ó wà ní àgbègbè yẹn wọ oṣù Kejì. Èyí bá ìwà ẹyẹ òkun mu: ààtàn kan lónìí, òmíràn lọ́la, omi kan náà lálẹ́. Ẹlòmíràn dúró láti òwúrọ̀ dalẹ́ kò rí i. Ẹlòmíràn dé, kò tíì to awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀ tán tí ẹyẹ náà fi bà síwájú rẹ̀. Ìrìn rẹ̀ yìí ṣe ẹ̀rí náà lóore púpọ̀. Oríṣiríṣi ojú wò ó, nínú oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀. Fún ẹyẹ elẹ́yìn síléètì, ìmọ́lẹ̀ ṣe kókó: lábẹ́ oòrùn títàn, síléètì lè dà bí eérú, lábẹ́ ìkùukùu, ó lè dà bí èédú. Àwòrán kan ṣoṣo tí wọ́n yà sójú oòrùn lè purọ́ fúnni láìmọ̀ọ́mọ̀.

Ẹyẹ ti fò lọ, ọ̀rọ̀ kù sílẹ̀. Nílẹ̀ Bìrìtéènì, ẹnu ẹni tó rí i nìkan kò lè gbé ẹyẹ wọ inú àkọsílẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní British Birds Rarities Committee, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, tó ń yẹ àwọn ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n wò. Èèyàn mẹ́wàá ló ń dìbò níbẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀yà náà kò tíì wọ àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè rí, ẹjọ́ náà á kọjá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ti British Ornithologists' Union, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1858. Àwọn náà á tún un yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kankan kò tíì wò ó.

Àwọn kan máa ń kùn pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jẹ́ àìgbàgbọ́ sí ọmọnìkejì. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Láàárín 1892 sí 1930, ẹyẹ àjèjì rẹpẹtẹ wọ àkọsílẹ̀ láti àgbègbè Hastings ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkú ẹyẹ ni wọ́n máa ń gbé wá, wọ́n á ní ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa á, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gba ọwọ́ ẹnì kan náà tó ń kì òkú ẹyẹ tà. Àwọn tó ń kó ẹyẹ jọ ń fowó gidi rà wọ́n. Ní 1962, ìwé ìròyìn British Birds tú àṣírí náà. John Nelder, onímọ̀ ìṣirò, fi iye ẹyẹ ibẹ̀ wé ti àwọn àgbègbè tó wà nítòsí àti ti àsìkò tó tẹ̀ lé e, ó sì hàn pé irú orí ire bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n yọ ọ̀pọ̀ ẹ̀yà kúrò nínú àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà náà dé fúnra wọn, láàyè, wọ́n sì tún wọlé padà pẹ̀lú ẹ̀rí tiwọn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn yìí á mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti Rainham, ìbéèrè méjì ni ìgbìmọ̀ ní láti dáhùn. Èkínní ni ohun tó jẹ́, mo sì ti sọ ìyẹn tán. Èkejì ni bó ṣe dé. Ṣé ẹnì kan ló ń sìn ín tó wá bọ́? Ṣé ọkọ̀ òkun ló gbé e wá? Ẹyẹ òkun kì í wà nínú àgò àwọn tó ń sin ẹyẹ bíi ti ayékòótọ́ tàbí pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́nà. Kò sí ẹni tó fẹ́ ariwo àti ìgbẹ́ rẹ̀ nínú ilé. Ohun tó sì gbe ìrìnàjò àdáyébá jù ni pé ẹ̀yà yìí ti ń rìn jìnnà tipẹ́. Nígbà òtútù 1983 sí 1984, ọ̀kan dé St. Louis lórí odò Mississippi, àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, tí òkun jìnnà sí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rí i káàkiri Àríwá Amẹ́ríkà. Ní Yúróòpù, wọ́n ti rí ọ̀kan ní Lithuania ní 2008, wọ́n sì rí i ní Latvia ní 2009, létí Òkun Baltic. Nígbà tí ti London fi máa dé, ojú ọ̀nà ti ń là.

Ìgbìmọ̀ gbà á. Wọ́n fi í sí Ìsọ̀rí A, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn ẹyẹ tó wá fúnra wọn láti inú igbó àti òkun, tí wọ́n ti rí ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láti 1950. Slaty-backed Gull di ẹyẹ ilẹ̀ Bìrìtéènì lórí ìwé, ti Rainham yẹn sì ni àkọ́kọ́.

Nǹkan ti ń yí padà báyìí. Oúnjẹ tó ń dé ààtàn kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń ya oúnjẹ tó ṣẹ́kù sọ́tọ̀. Ohun rere ni, mo sì fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó túmọ̀ sí pé ẹyẹ òkun á máa túká sí ibi tí ojú wa kò tó. Èmi ṣì ń lọ sí Erith Pier. Tó bá ti di oṣù Kìíní, tí omi fà, mo máa ń rìn dé ìpẹ̀kun rẹ̀, mo máa gbé awò kalẹ̀, máa kọjú sí òkè ààtàn lódìkejì. Ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, lórí ẹrẹ̀. Tí mo bá rí èyí tó pọ́n bíi sóbò lábẹ́ ẹ̀yìn síléètì, mi ò ní pe ẹnikẹ́ni. Màá tan kámẹ́rà, màá sì dúró de apá.